Mọ́ńdè Mímọ́ ní Ilé Iṣẹ́ Bàtà

Ẹni mímọ́ kan wà ní ìlú wa León tí àlùfáà kankan ò mọ̀, tí kò ní ère nínú ṣọ́ọ̀ṣì, tí wọn kì í tan àbẹ́là fún, síbẹ̀ kò sí aránbàtà kan tó jẹ́ gbàgbé ọdún rẹ̀. Mọ́ńdè Mímọ́ ni orúkọ rẹ̀, ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ sì ni ọdún rẹ̀ ń bọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń pè é ní ọjọ́ Ajé, tí ẹ ń jí ní kùtùkùtù láti wá ajé lọ, ẹ kú iṣẹ́ o. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tó bá lọ sídìí ẹ̀rọ ìránbàtà lọ́jọ́ Ajé, àfàìmọ̀ kó má jẹ́ pé ìyá ìyàwó rẹ̀ ló wà nílé tó ń sá fún.

Tíṣà Yunuén Barragán kò mọ ẹni mímọ́ yìí rárá. Ará Pátzcuaro ni, létí adágún, níbi tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ Ajé bí ọmọlúàbí. Ó ti pé ọdún méjì tó ti ń kọ́ni ní ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà ní León, ṣùgbọ́n orí òkè ni ilé-ẹ̀kọ́ náà wà, lápá ibi tí àwọn olówó ń gbé, òórùn awọ kì í sì í gòkè dé ibẹ̀. Obìnrin gíga ni, onírun kúkúrú. A máa rìn bí ẹni tí ọkọ̀ fẹ́ fi sílẹ̀, a sì máa bi èèyàn ní ìbéèrè bí ọmọ ọdún mẹ́rin.

Nǹkan kan ló ń dùn ún nínú ilé-ẹ̀kọ́ náà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mọ bàtà yà lórí bébà, ká má parọ́ mọ́ wọn. Wọ́n á ya bàtà tó fò bí ẹyẹ, wọ́n á ya èyí tó ń dán yinrin bí ẹja. Ṣùgbọ́n bí o bá bi wọ́n pé ẹsẹ̀ ta ni yóò wọ inú rẹ̀, wọ́n á máa wojú ara wọn. Ni Tíṣà Yunuén bá tọrọ yàrá ìkẹ́rù kan tí wọ́n ti pa tì lẹ́yìn ilé-ẹ̀kọ́. Ó gbá a, ó kùn ún, ó gbé ẹ̀rọ ìránbàtà àtijọ́ kan síbẹ̀ pẹ̀lú ẹsẹ̀ onígi tí wọ́n fi ń mọ bàtà, ó sì kọ ọ́ sára ilẹ̀kùn pé: WÒ KÍ O TÓ SỌ. Nínú yàrá yẹn, o ò gbọdọ̀ ya nǹkan kan àfi tí o bá ti jáde lọ wo àwọn tí yóò lò ó, tí o bi wọ́n léèrè, tí o dán an wò, tí ó bàjẹ́ mọ́ ọ lọ́wọ́, tí o sì sọ fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ bó ṣe bàjẹ́. Ohun tí ó ń pè ní ìwádìí nìyẹn. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kọ́kọ́ rò pé ìyà ni wọ́n fi ń jẹ wọ́n. Nígbà tó yá, lílé ni wọ́n ń lé wọn kúrò níbẹ̀ nírọ̀lẹ́.

Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ náà, Licenciado Olegario Pruneda, fẹ́ràn ohun tó ṣeé fi han àlejò. Bàtà tó bàjẹ́ kò ṣeé fi han àlejò. Lọ́jọ́ kan ó pe Tíṣà Yunuén sí ọ́fíìsì rẹ̀.

"Tíṣà," ó ní, "ìwádìí tí kò ní ilé iṣẹ́ kankan lẹ́yìn, eré ọmọdé ni. Tí ilé iṣẹ́ kan ò bá fọwọ́ sí ìwé àdéhùn pẹ̀lú yàrá yín yẹn kí ìsinmi Kérésì tó dé, màá sọ ọ́ di gbọ̀ngàn àfihàn. Mo tiẹ̀ ti lọ yan gíláàsì tí a máa fi ṣe ògiri ẹ̀."

Ọ̀rọ̀ gíláàsì yẹn ló dun Tíṣà Yunuén jù. Ẹni tó ti lọ yan gíláàsì, a jẹ́ pé ó ti sin yàrá náà nínú ọkàn rẹ̀ tán.

Bó ṣe di pé ó sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Coecillo, àdúgbò àwọn aránbàtà, nìyẹn, sí ilé iṣẹ́ Don Evelio Cabrera, níbi tí wọ́n ti ń ṣe bàtà funfun táwọn nọ́ọ̀sì ń wọ̀. Don Evelio ti lé láàádọ́rin ọdún. Ikùn rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ wọ yàrá kí òun tó wọlé, ọwọ́ rẹ̀ sì le koránkorán, nítorí pé ìdí ẹ̀rọ ló ti bẹ̀rẹ̀ kó tó dọ̀gá. Guacamaya ló ń jẹ lórí tábìlì nígbà tí Tíṣà Yunuén wọlé, awọ ẹlẹ́dẹ̀ díndín kún inú búrẹ́dì náà bámúbámú, ata sì ń ṣàn lọ sí ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀.

"Kí lò ń tà?" ló kọ́kọ́ bi í.

"Mi ò ta nǹkan kan, sà. Mo wá tọrọ ni."

"Háà, tìẹ tún wá burú jù. Ẹni tó ń tà, èèyàn lè ní òun ò rà. Jókòó, ọmọ mi. Ṣé o ti jẹun?"

Ó ti jẹun, ṣùgbọ́n èèyàn kì í sọ bẹ́ẹ̀ fún Don Evelio. Wọ́n gbé guacamaya tirẹ̀ náà wá. Bí ata ṣe ń fa omi lójú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ló ń ro ẹjọ́ rẹ̀: òun fẹ́ ọjọ́ kan lọ́sẹ̀ nínú ilé iṣẹ́ náà, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òun máa wo bí iṣẹ́ ṣe ń lọ, kí wọ́n máa béèrè, kí wọ́n gbé ohun tí wọ́n bá rí lọ sí yàrá ìwádìí, kí wọ́n sì gbé èsì rẹ̀ padà wá.

Don Evelio fẹ̀yìn ọwọ́ nu ẹnu. "Kí lẹ máa rí tí èmi ò tíì rí? Ibí ni mo dàgbà sí."

"Ìyẹn gan-an la fẹ́ wá wò, sà."

"Ẹnu ẹ mú o." Ó rẹ́rìn-ín. "Ó dáa. Tí o bá lè fi ohun kan hàn mí nípa ilé iṣẹ́ mi tí mi ò mọ̀, ẹyọ kan péré, màá fọwọ́ sí ìwé ẹ. Ọjọ́ wo lo fẹ́?"

"Èyí tó bá rọ̀ yín lọ́rùn, sà."

Don Evelio wo akọ̀wé rẹ̀, akọ̀wé wo ilẹ̀. "Mú Mọ́ńdè," ni bàbá náà wí. "Àárọ̀ ṣúlẹ̀. Mo fún ẹ ní gbogbo gbọ̀ngàn. Kò sẹ́ni tó máa dí ẹ lọ́wọ́."

Díẹ̀ ló kù kí Tíṣà Yunuén kúnlẹ̀. Ó ti jókòó de àwọn ilé iṣẹ́ mìíràn tí wọn ò fún un ní wákàtí kan, ẹni yìí wá fún un ní odindi ọjọ́ kan. Bó ṣe jáde, ó gbọ́ ẹ̀rín lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ẹ̀rín àrínfẹ́rẹ̀ẹ́kú. Ó ní nínú ara rẹ̀ pé ibi tí inú òṣìṣẹ́ ti ń dùn báyìí, ibi tó yẹ kéèyàn ti ṣèwádìí nìyí.

Nígbà tí ọjọ́ Ajé pé, òun àtàwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ dé tàwọn ti ẹ̀wù funfun gbàgẹ̀rẹ̀ lọ́rùn, gègé lọ́wọ́, téèpù ìwọnṣọ lọ́rùn. Don Nabor, tó ń ṣọ́ géètì, ṣílẹ̀kùn fún wọn. Inú gbọ̀ngàn náà dákẹ́ rọ́rọ́. Àwọn ẹ̀rọ tò lọ, àwọn bàtà tí wọn ò tíì parí lanu sílẹ̀ lórí tábìlì, ológbò kan sì sùn sórí pákó tí wọ́n ti ń gé awọ.

"Bàbá, àwọn èèyàn dà?" ni Tíṣà Yunuén béèrè.

"Àwọn èèyàn wo?"

"Àwọn òṣìṣẹ́."

"Lónìí kẹ̀?" Don Nabor wò ó tàánútàánú. "Tíṣà, ṣebí Mọ́ńdè Mímọ́ lèyí."

Ó ṣàlàyé ẹni mímọ́ náà fún un, àti bó ti pẹ́ tó tí wọ́n ti ń sìn ín, láti ayé bàbá bàbá òun. Tíṣà Yunuén yíjú padà sáwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀. Gbogbo wọn ń wo òrùlé. Ọmọ León sì ni gbogbo wọn.

"Ẹ mọ̀?"

Briseida ló gbà á lẹ́nu wọn, ọmọbìnrin kan tí ojú rẹ̀ ò ní ìtìjú, tí bàbá rẹ̀ sì ń ránbàtà nínú gbọ̀ngàn yẹn gan-an. "A mọ̀, mà."

"Ẹ mọ̀, ẹ wá jẹ́ kí n wọ ẹ̀wù bíi dókítà wá síbí?"

"Ẹ̀yin náà lẹ ní ká má sọ ohun tá ò bá tíì wò, mà. A wá wò ó ni."

Ojú ti Tíṣà Yunuén títí dé ọrùn. Lẹ́yìn náà ẹ̀rín pa á, ó sì rín in débi pé ológbò jí. Ṣùgbọ́n olórí kunkun ni, ará adágún. Ó ní nígbà tí wọ́n ti wá, kí wọ́n kúkú ya bí wọ́n ṣe to àwọn ẹ̀rọ. Wọn ò tíì yà á débì kan tí ojú fi bẹ̀rẹ̀ sí í ta wọ́n. Òórùn gọ́ọ̀mù wà nínú gbọ̀ngàn náà, ó nípọn, ó ń dùn mọ́ni nímú lọ́nà tí kò dáa. Orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ Briseida. Ọmọkùnrin kan ní òun fẹ́ bì. Kíá ni Tíṣà Yunuén kó gbogbo wọn síta.

"Òórùn Mọ́ńdè nìyẹn," Don Nabor wí fún wọn níta. "Láti ọ̀sán Sátidé la ti ń tilẹ̀kùn pa, gọ́ọ̀mù sì wà nínú agolo. Tó bá dọ̀la, tí èèyàn ń wọlé tí wọ́n ń jáde, á ti lọ."

Wọ́n jókòó sẹ́bàá títì, wọ́n ń mí. Briseida ló tún sọ̀rọ̀. "Tíṣà, ṣé àwọn òṣìṣẹ́ lẹ fẹ́ rí? Mo mọ ibi tí wọ́n wà."

Etí odò ni wọ́n wà, odò wa tí kì í rí omi àfi tí inú bá bí òjò. Wọ́n ti dá iná sábẹ́ àwọn igi, ẹran ń ta lórí irin, bọ́ọ̀lù ń lọ lápá kan, àwọn àgbà ń ta dómínò lápá kejì, tọkùnrin tobìnrin. Bí wọ́n ṣe rí àwọn ẹlẹ́wù funfun, wọ́n dá bọ́ọ̀lù dúró. Don Wenceslao, bàbá Briseida, dìde.

"Briseida, ta lo kó wá yìí? Ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú, Bàbá. Tíṣà mi ni. Wọ́n lọ wá yín síbi iṣẹ́."

"Lónìí?"

Ẹ̀rín tó sọ níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, mo rò pé wọ́n gbọ́ ọ ní Silao, ìlú tó múlé tì wá. Wọ́n bọ́ ẹ̀wù lọ́rùn Tíṣà Yunuén, wọ́n fún un ní tòtíìlà, àkàrà àgbàdo pẹlẹbẹ tí wọ́n di ẹran sí, wọ́n ní nígbà tó ga tó báyẹn, kó lọ ṣọ́ ilé bọ́ọ̀lù. Gbogbo bọ́ọ̀lù tí wọ́n gbá sí i ló wọlé. Kí oòrùn tó wọ̀, kò sẹ́ni tí kò fẹ́ràn rẹ̀, pàápàá àwọn tí wọ́n jọ figẹ̀ wọngẹ̀.

Láti ọjọ́ náà, etí odò ni yàrá ìwádìí máa ń wà lọ́jọ́ Ajé. Tíṣà Yunuén kọ́ láti má ṣe mú gègé dání tó bá fẹ́ kí èèyàn bá òun sọ̀rọ̀. Ìbéèrè rẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: kí ló dé tí ẹ kì í lọ síbi iṣẹ́ lónìí? Ẹnì kan ní nítorí ẹni mímọ́ ni. Ẹnì kan ní nítorí bíà ni. Ẹnì kan ní òun lọ rí, wọ́n sì fi òun ṣe yẹ̀yẹ́ títí di ọdún kejì. Lọ́jọ́ kan Doña Eduviges, tó ń rán ojú bàtà, fi ọ̀bẹ kan ẹran lórí irin, ó ní:

"Èmi náà lọ rí o. Orí mi fọ́ títí di Ọjọ́rú. Ojú abẹ́rẹ́ tí mo rán lọ́jọ́ yẹn wọ́ bí ejò. Ọ̀gá wò ó, ó ní ṣé mo mutí wá ni. Èmi tí mi ò fẹnu kan ọtí rí láyé mi!"

"Tèmi náà fọ́," ni ẹnì kan wí. "Èébì ni èmi bì," ni ẹlòmíràn wí.

Tíṣà Yunuén dìde láìjẹ ẹran tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ tán.

Òun fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ dán an wò, kò jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ kankan wọlé. Lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, ó jókòó sídìí ẹ̀rọ kan nínú gbọ̀ngàn tí wọ́n tì pa, ó rán ojú ìlà kan tọ́ọ́rọ́ sórí awọ. Ó jáde, ó mí dáadáa, ó rán òmíràn lórí ẹ̀rọ ilé-ẹ̀kọ́. Ó gbé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ti inú gbọ̀ngàn wọ́, ti ilé-ẹ̀kọ́ tọ́. Kò sí ohun tó kù láti ṣàlàyé. Ó sì mọ̀ pé tóun bá gbé e lọ fún Don Evelio bẹ́ẹ̀, yóò ní òun ò mọ̀ọ́ rán ni. Nítorí náà ó ní kí bàbá yẹn fúnra rẹ̀ wá lọ́jọ́ Ajé mìíràn.

"Wọ́n ní nígbà tẹ́ ẹ wà lọ́dọ̀ọ́, kò sẹ́ni tó lè rán ìlà tó tọ́ tó tiyín, sà."

"Wọn ò parọ́," ni Don Evelio wí. Ó jókòó sídìí ẹ̀rọ, ó ká apá aṣọ sókè, ó rán an lọ rẹrẹ. Nígbà tó gbé awọ náà sókè, ìlà náà tẹ̀ lápá ọ̀tún, ó tẹ̀ lápá òsì. Ó tún òmíràn rán. Ìyẹn burú ju ti àkọ́kọ́ lọ.

"Ogbó ni," ó wí. Ó ń fọwọ́ pa ojú rẹ̀ tó ń ta á.

Wọ́n mú un síta, wọ́n fún un ní omi tútù, wọ́n jẹ́ kó jókòó títí ara rẹ̀ fi silẹ̀. Briseida ti gbé ẹ̀rọ kékeré kan síbi géètì dè é. Ó rán ẹ̀kẹta síta níbẹ̀, nínú afẹ́fẹ́, lójú gbogbo wa tí a ń kọjá lọ. Ìlà náà tọ́ bí okùn tí wọ́n nà. Don Evelio gbé awọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sórí itan rẹ̀, ó ń fi ìka tọ ìlà kọ̀ọ̀kan.

"Gbogbo ọjọ́ ayé mi," ó wá wí, "ni mo ti ń fi ọtí bú àwọn èèyàn yìí." Inú rẹ̀ bàjẹ́, kò sì fi pamọ́. "Ṣé ìdí tí wọn kì í fi í wá lọ́jọ́ Mọ́ńdè nìyí?"

"Ìdí ẹ̀ nìyí, sà," ni Tíṣà Yunuén dáhùn.

Kíákíá ló dáhùn, nítorí Kérésì ti kù sí dẹ̀dẹ̀, ó sì ti ń rí gíláàsì Licenciado Pruneda lójú oorun. Briseida fà á láṣọ. "Tíṣà, ṣé a ò ní kọ́kọ́ bi wọ́n?" Ó fa aṣọ rẹ̀ gbà.

"Ohun tí mi ò mọ̀ nìyẹn lóòótọ́," Don Evelio wí. "Màá fọwọ́ sí i. Àmọ́ jẹ́ ká ṣe é kó lárinrin. Jẹ́ kí n tún ibẹ̀ ṣe ná. Mọ́ńdè tí mo bá rí wọn nídìí ẹ̀rọ pérépéré, níbẹ̀ náà ni màá ti fọwọ́ sí i, lójú ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ yín."

Ó yẹ kó ní kí bàbá fọwọ́ sí i lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n ayọ̀ ti gùn ún, ó ní kò burú.

Don Evelio kì í ṣe ẹni tí í fi ọ̀rọ̀ falẹ̀. Ó ní kí wọ́n lu ògiri, wọ́n fi fèrèsé gbàràmù síbẹ̀, wọ́n fi fáànù ńlá sókè, wọ́n kọ́ ilé kékeré kan síta fún gọ́ọ̀mù. Tíṣà Yunuén ń sáré láti ọ́fíìsì dé ọ́fíìsì pẹ̀lú ìwé àdéhùn, kò ráàyè yà sí etí odò mọ́. Ọjọ́ Ajé tó gbẹ̀yìn kí ìsinmi tó dé ni wọ́n fi ìfọwọ́síwèé náà sí.

Licenciado Pruneda dé pẹ̀lú táì àti ayàwòrán. Gbọ̀ngàn náà mọ́, oòrùn wọlé, òórùn awọ nìkan ló kù níbẹ̀, gbogbo ẹ̀rọ ń dán. Kò sí ẹnì kan. Wọ́n dúró. Don Evelio rìn lọ, ó rìn bọ̀. Wọ́n tún dúró.

"Ológbò ti dé, sà," ni Don Nabor wí, kó lè tù wọ́n nínú.

Licenciado Pruneda tẹ̀ sí etí Tíṣà Yunuén. "Àwọn onígíláàsì lè wá lọ́la," ó sọ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́.

Oríṣiríṣi irọ́ ló wá sí Tíṣà Yunuén lẹ́nu: pé bóyá ọkọ̀ ló dá wọn dúró, pé bóyá wọn ò gbọ́ ọjọ́ náà dáadáa. Bàbá yẹn ì bá gbà á gbọ́, ì bá sì fọwọ́ sí i. Ó wo àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí wọn ò wo òrùlé, òun ni wọ́n ń wò.

"Don Evelio," ó ní, "mo ṣì í. Afẹ́fẹ́ yẹn burú lóòótọ́, ó sì dáa bí ẹ ṣe tún un ṣe. Àmọ́ mo sọ fún yín pé òun ni kì í jẹ́ kí wọ́n wá. Mi ò bi wọ́n bóyá wọ́n máa wá tá a bá tún un ṣe. Ẹ̀rù ń bà mí kí wọ́n má gba yàrá mi, mo bá sọ ohun tí mi ò wò. Mi ò mọ ìdí tí wọn ò fi wá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú." Omi lé ròrò sí i lójú, ó sì jẹ́ kó wà níbẹ̀.

Licenciado Pruneda dijú. Don Evelio fa àpótí kan, ó jókòó.

"Àwọn oníwèé ti wá síbí o," ni bàbá náà wí. "Ọ̀kan ní kí n ra ẹ̀rọ kan, adìyẹ ló ń yé sínú ẹ̀ báyìí. Ọ̀kan ní kí n yí orúkọ ilé iṣẹ́ padà, àwọn oníbàárà mi bá sọ mí nù. Kò séyìí tó padà wá sọ fún mi nínú gbọ̀ngàn yìí pé òun ṣì í. Èmi alára ò sọ ọ́ rí." Ó dìde. "Ó yá, ẹ jẹ́ ká lọ bi wọ́n."

Nígbà tí wọ́n rí ọ̀gá létí odò, ẹni tó mú bíà dání gbé e sẹ́yìn. Don Evelio kò yí ọ̀rọ̀ po. "Mo ti tún afẹ́fẹ́ ṣe. Kí ló dé tẹ́ ò wá?"

Don Wenceslao ló dìde. "A rí i, ọ̀gá. Kò rùn mọ́ rárá, orí ò fọ́ ẹnikẹ́ni. Kí Ọlọ́run bù kún yín. Àmọ́ ẹ wò ó, Sọ́ńdè, ti Ọlọ́run ni, ti ìyàwó ni, ti àna ni. Túsìdeè títí dé Sátidé, tiyín ni. Mọ́ńdè nìkan ló kù fún wa. Ẹ̀yin náà ṣáà mọ̀ ọ́n."

Don Evelio wo ilẹ̀, ó wo pápá tí wọ́n ti ń gbá bọ́ọ̀lù. "Ibí ni bàbá mi ti kọ́ mi ní bọ́ọ̀lù," ó wí, ohùn rẹ̀ sì yí padà. "Mo ti dọ̀gá pẹ́ jù." Ó yíjú sí Tíṣà Yunuén. "Ohun méjì lo fi hàn mí. Ọ̀kan, mi ò mọ̀ ọ́n. Ìkejì, mo mọ̀ ọ́n, mo gbàgbé ni. Gbé ìwé wá."

Ó tẹ́ ìwé náà sórí ìdérí kúlà bíà. Licenciado Pruneda sáré fún un ní gègé tirẹ̀, èyí tó ní wúrà lẹ́nu. Ọwọ́ rẹ̀ ti fẹ́ kan bébà nígbà tí Doña Eduviges ké.

"Ọ̀gá! Kí lẹ fẹ́ ṣe yẹn?"

"Mo fẹ́ fọwọ́ sí ìwé ni."

"Ìwé kí ni?"

"Ìwé iṣẹ́."

"Iṣẹ́! Lójú Mọ́ńdè Mímọ́!"

Ni ariwo bá ta. "Wọ́n fẹ́ ba ọdún jẹ́!" "Ẹ gba gègé lọ́wọ́ wọn!" "Ọ̀gá, ṣé ìyá ìyàwó yín ló wà nílé ni?" Don Evelio dá ọwọ́ dúró lókè, ó ń rẹ́rìn-ín, kò sì mọ èyí tí ì bá ṣe. Ó wo Tíṣà Yunuén. Gbogbo wọn ló wò ó.

"Ẹ má dá wọn lóhùn, sà, ẹ fọwọ́ sí i," ni Licenciado Pruneda ń wí.

Gbogbo yàrá ìwádìí náà wà lábẹ́ ẹnu gègé yẹn, àtilẹ̀kùn, àtẹ̀rọ, àtẹsẹ̀ onígi. Tíṣà Yunuén wo bébà náà fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó gba gègé lọ́wọ́ Don Evelio, ó sì fi í padà sínú àpò Licenciado Pruneda.

"Ó di ọ̀la, sà," ó wí.

Igbe ayọ̀ sọ. Licenciado Pruneda di apá rẹ̀ mú. "Ṣé orí yín pé báyìí? Tó bá yí ọkàn padà kílẹ̀ tó mọ́ ńkọ́?"

"A jẹ́ pé a máa bi wọ́n léèrè ìdí ẹ̀ nìyẹn," ni Tíṣà Yunuén dáhùn. Ó bọ́ bàtà rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó lọ ṣọ́ ilé. Don Evelio ló gbá bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ sí i, ó sì wọlé.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun ni bàbá náà fọwọ́ sí i, nínú gbọ̀ngàn, gbogbo òṣìṣẹ́ sì wà nídìí ẹ̀rọ. Ariwo ẹ̀rọ pọ̀ débi pé kò sẹ́ni tó gbọ́ ọ̀rọ̀ tí Licenciado Pruneda ti kọ sílẹ̀ láti sọ. Gbólóhùn kan wà nísàlẹ̀ ìwé àdéhùn náà tí Tíṣà Yunuén fúnra rẹ̀ ní kí wọ́n fi kún un láàárọ̀ ọjọ́ yẹn: ilé-ẹ̀kọ́ kò gbọdọ̀ ṣe ìwádìí kankan lọ́jọ́ Ajé.